Àtè Tí Kò Rùn

Àtè náà kò rùn. Ó yẹ kí ìyẹn ti já mi láyà, ṣùgbọ́n ṣe ni inú mi dùn.

Ẹni tí kò bá sè àtè awọ rí kò lè mọ ìdí rẹ̀. A ó fọ awọ màlúù, a ó rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọ̀sẹ̀ kan, a ó fá irun ara rẹ̀, a ó wá sè é lórí iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi yọ́. Bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́ nígbà ogún, òórùn rẹ̀ yóò wọ aṣọ, yóò wọ ìdí irun, yóò sì bá ènìyàn dé ibi ìgbéyàwó. Ọkùnrin méjì ti tìtorí òórùn yìí sá fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òórùn náà, nítorí àwọn méjèèjì kò ní láárí. Ṣùgbọ́n èyí tí mo sá sórí àwọ̀n lẹ́yìnkùlé wa, tí mo ṣa ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, kò rùn rárá. Nígbà tí mo gbé e sún mọ́ imú dáadáa, òórùn koríko tí ìrì sẹ̀ sí ni mo gbọ́.

Màsúdát ni orúkọ mi. Ẹ̀yìn ọjà Ipata ni ilé wa wà, iṣẹ́ àtè sì ni bàbá mi, Àbdùlkàrímù, fi tọ́ mi. Àwọn tó ń ṣe gìtá àti gòjé, láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń ra èyí tí wọ́n fi ń lẹ igi mọ́ igi. Gọ́ọ̀mù inú ike wà ní ṣọ́ọ̀bù bí ilẹ̀ bí ẹní, ṣùgbọ́n gìtá tí a bá fi gọ́ọ̀mù ike lẹ̀, ọjọ́ tó bá fọ́, ó fọ́ náà nìyẹn. Èyí tí a fi àtè awọ lẹ̀, omi gbígbóná lásán ni a ó fi bẹ̀ ẹ́, yóò tú wẹ́rẹ́, a ó tún un ṣe, a ó sì tún un lẹ̀. Bàbá a máa sọ pé àtè kì í gbàgbé pé awọ ni òun tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣòwò ni.

Ohun kejì tí wọ́n kọ́ mi ni pé a kì í purọ́ lórí awọ. Èyí tó bá dára, kí n sọ pé ó dára. Èyí tí kò bá dára, kí n sọ ọ́ lójú ẹni tó ni ín. Ahọ́n mi kò dùn, gbogbo Ipata ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé mo pe awọ búburú ní rere rí, tàbí rere ní búburú.

Bàbá ti kú ní oṣù mẹ́rin ṣáájú àárọ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ wọn kan ló rọ, ọ̀rọ̀ sì di fún wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń na ọwọ́ tó kù sókè, tí wọ́n ń tọ́ka sí àjà yàrá iṣẹ́ wọn, tí omi ń dà lójú wọn. Ààfáà ní ọ̀run ni wọ́n ń tọ́ka sí, pé àpẹẹrẹ rere ni. Gbogbo wa ṣe àmín.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi, Hàlímọ̀tù, ti wọ opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni obìnrin kì í fi jáde nílé, ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ti Ìyá yóò pé. Ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọn kì í jẹ ẹran, wọn kì í gbóhùn sókè, wọn kì í sì í wọ yàrá iṣẹ́ Bàbá. Bàbá fi tìrà aláwọ kan kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà yàrá náà, Ìyá a sì máa gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì kọjá bí ẹni tí ajá dúró dè.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Bàbá ti kú, ìyá mi tó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ kò rójú jókòó mọ́. Wọ́n á ṣí àpótí, wọ́n á tì í. Wọ́n á ká ẹní, wọ́n á wo abẹ́ rẹ̀. Mo bá wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan lórí àga, tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ àjà ọ̀ọ̀dẹ̀ káàkiri.

"Ìyá, ẹ máa ṣubú o. Kí lẹ ń wá?"

"Ẹrù mi kan ni, tí bàbá yín bá mi tọ́jú."

"Irú ẹrù wo? Ẹ sọ ọ́, kí n bá yín wá a."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí àga náà. "Ọmọ bàbá ẹ ni ẹ́, Màsúdát. Bí mo bá sọ ọ́, tí o bá rí i, mo bẹ̀rù pé o ò ní fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo rò pé wúrà ni wọ́n ń wá, wọ́n sì pe èmi ọmọ wọn kan ṣoṣo ní olè. Mo fi ìbínú jáde, n kò sì bi wọ́n mọ́. Ká ní mo bi wọ́n ni!

Àsìkò yẹn náà ni Ayọ̀délé dé. Àdúgbò Adéwọlé ni ọmọkùnrin yìí ti ń ṣe gìtá, ó mọ iṣẹ́, àfi pé ó máa ń kánjú. Gọ́ọ̀mù ike ló fi lẹ gìtá oníbàárà kan, ọrùn rẹ̀ sì já sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lójú gbogbo ìjọ.

"Alájà, ẹ gbà mí," ló wí. "Wọ́n ní kí n ṣe òmíràn. Àtè tó dáa jù lọ ni mo fẹ́."

"O ò mọ̀ pé mo wà láyé nígbà tí o ń ra ti ike?"

"Ẹ má bínú, Alájà."

Mo gba iṣẹ́ náà, mo sì lọ sí Ipata lọ wá awọ. Kò sí. Ìlọrin ti fi awọ jẹ pọ̀nmọ́ tán. Èyí tí wọn kò jẹ, wọ́n ti fi iná táyà sun ún, awọ tí iná bá sì ti jó, kò lè di àtè mọ́ láé. Kàbírù tó ń bá mi tọ́jú awọ níbẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì sí mi lófìfo. Mo padà sílé, mo jókòó sí yàrá iṣẹ́ Bàbá, mo sì gbé ojú sókè.

Páálí àjà kan wà níbẹ̀ tí kò bára dé. Mo gun tábìlì, mo tì í, mo na ọwọ́ wọlé. Ohun tí ọwọ́ mi bà múlọ́múlọ́.

Awọ ẹran ìgbẹ́ ni. Wọ́n ká a, wọ́n fi òwú dúdú dì í, tìrà kékeré kan sì wà lára òwú náà. Mo tú tìrà náà pẹ̀lú Bísímílà, mo gbé e sórí pẹpẹ Kùránì. Mo tẹ́ awọ náà sílẹ̀. Pupa rúsúrúsú ni, ó ní àmì funfun tóótòòtó lẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi ti àgbọ̀nrín. Kò gbẹ. Kò díbàjẹ́. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, mo ń wá ojú ọ̀bẹ, nítorí kò sí bí a ṣe lè bó ẹran tí a kò ní la ikùn rẹ̀. N kò rí ojú ọ̀bẹ kankan. Kò sí ní ikùn, kò sí ní ọrùn.

Ojú mi rí i o. Ọwọ́ mi pàápàá dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi awọ ń pa kì í bi awọ léèrè ìtàn. Mo sọ ọ́ sínú omi eérú.

Láti ọjọ́ náà ni ara ti ń yún Ìyá. Wọ́n ń ha ọwọ́, wọ́n ń ha ẹ̀yìn, kò sí òróró tí a kò fi pa á. Ọjọ́ tí mo gbé awọ náà kaná, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù nínú yàrá wọn, òógùn bò wọ́n.

"Màsúdát, kí lò ń sè?"

"Àtè ni, Ìyá."

"Din iná náà kù díẹ̀," wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Jọ̀ọ́."

Mo din iná náà kù. Iná jẹ́jẹ́ náà kúkú ni àtè ń fẹ́.

Èyí ló gbé wa dé àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí mo ń fi àtè tí kò rùn sí imú. Ayọ̀délé dé láti wá wò ó. A kì í ta àtè láìdán an wò lójú ẹni tó fẹ́ rà á, nítorí náà mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ mi. Mo gbé ègé kan sókè sí oòrùn: ó mọ́ gaara bí oyin tuntun. Mo yọ́ díẹ̀ sórí iná, mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo yà wọ́n: òwú rẹ̀ nà, kò já. Mo mú igi méjì tí mo ti fi lẹ̀ pọ̀ láti àná, mo ní kó fà wọ́n ya. Ó fà á títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Igi ló ya, ojú àtè kò mira.

"Alájà! Irú èyí ò sí nílùú yìí."

"Dákẹ́, mi ò tíì ṣe tán."

Mo gbé ègé kan sí ẹ̀bá etí mi, mo ṣẹ́ ẹ. Àtè tó dára a máa dún kà bí ìgbà tí a ṣẹ́ igi gbígbẹ. Èyí dún. Nínú yàrá, Ìyá ké yéè.

Mo sáré lọ. Wọ́n jókòó, wọ́n di ìka ọwọ́ òsì wọn mú. Wọ́n ní kò sí nǹkan, pé kí n padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo padà. Ìdánwò kan ló kù, ti Bàbá fúnra wọn ni, n kò sì rí ẹlòmíràn tó ń ṣe é. Mo fi ègé kékeré kan sábẹ́ ahọ́n, mo dúró kó yọ́, mo ní Bísímílà, mo gbé e mì. Bàbá ní ohun tí oníṣẹ́ kò bá lè gbé mì, kó má tà á. Ó dùn díẹ̀. Ayọ̀délé gba ìdajì, ó gun kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó lọ.

Mo rẹ ìdajì tó kù sínú abọ́ omi tútù kó dàárọ̀. Ìyẹn ni a fi ń mọ bí àtè yóò ti pẹ́ tó: èyí tí kò dára yóò yọ́ dànù, èyí tó dára yóò mumi, yóò wú, yóò sì di ara rẹ̀ mú.

Mo kí ìrun Àsùbáà tán lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ ti ń mọ́, mo lọ ṣí abọ́ náà. Àwọn ègé náà kò sí mọ́. Wọ́n ti so mọ́ ara wọn. Ohun kan ṣoṣo ló ká jọ sínú omi náà, ó fẹ̀, ó rọ̀, nígbà tí mo sì fi ìka gbé etí rẹ̀ sókè, irun pupa wẹ́wẹ́ ti hù sí i.

Mo gbọ́ èémí lẹ́yìn mi. Ìyá ni. Wọ́n dúró sínú yàrá iṣẹ́ tí wọn kò wọ̀ rí láyé mi. Mo wo òkè ẹnu ọ̀nà, ìṣó lásán ló kù níbẹ̀, àpá ọwọ́ bíi ti iná sì wà lára ògiri níbi tí wọ́n ti já tìrà náà. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ti bó.

"Èyí tó kù ńkọ́?" wọ́n bi mí, ohùn wọn lọ sílẹ̀.

"Ìyá..."

"Ìdajì nìyí. Èyí tó kù ńkọ́, Màsúdát?"

A jókòó sílẹ̀, abọ́ náà láàárín wa, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi. Wọn kò sunkún. "Mò ń wẹ̀ létí odò, mo bọ́ awọ mi, mo ká a sórí àpáta. Bàbá yín ló gbé e. Mo tẹ̀ lé wọn wọ ìlú, wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn ò rí i, mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n fún mi. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fẹ́ àwọn ná. Ọdún méjìlélógójì nìyẹn. Mo kọ́ ìrun kíkí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo bí ẹ, mo fẹ́ràn ẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí ẹsẹ̀ mi sinmi nínú ilé yìí. Wọ́n ní bí àwọn bá kú, kí n mú un máa lọ."

"Kí ló dé tí ẹ fi wá jókòó opó, nígbà tí wọ́n ti kú?"

"Ìyàwó wọn ni mí. Ẹ̀tọ́ òkú ni. Ní Jímọ̀ mo máa lọ."

Mo bínú sí bàbá mi lọ́jọ́ náà débi pé bí wọ́n bá wà láyé, n bá kọ wọ́n ní bàbá. Irú ìkà wo ni ènìyàn máa fi gbé awọ ẹlòmíràn pamọ́, tí yóò sì máa wò ó lójú láràárọ̀? Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Adéwọlé. Kí n tó dé ilé Ayọ̀délé ni mo rí àwọn ewúrẹ́ àdúgbò náà. Wọ́n tó ogún. Wọ́n dúró níwájú géètì rẹ̀, wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn, ìkankan kò ké.

Ayọ̀délé ṣílẹ̀kùn díẹ̀. "Alájà, mo ti ń pè yín lórí fóònù. Mi ò tíì fi okùn kankan sí gìtá yìí. Àmọ́ ó ń mí."

Mo gbé etí lé inú gìtá náà. Kò purọ́. N kò ṣàlàyé fún un, mo ní kó gbé omi kaná. Mo fi aṣọ gbígbóná bo gbogbo ojú ibi tó lẹ̀, wọ́n tú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fọ igi náà sínú abọ́ títí kò fi lẹ̀ mọ́ ìka. Nígbà tí mo gbé abọ́ náà jáde, àwọn ewúrẹ́ yà fún mi, wọ́n sì sin mí dé títì.

Mo da omi náà pọ̀ mọ́ èyí tó wà nílé. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, awọ náà ti pé. Ó ku ibì kan lẹ́yìn ọrùn tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. A wá ilẹ̀, a gbọ́n ìkòkò, a wo abẹ́ èékánná mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ rántí. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu tí mo fi gbé ègé ọjọ́sí mì.

Ìyá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rin. "Ó ti di tìẹ nìyẹn. Òtútù á máa mú mi níbẹ̀ díẹ̀, kò burú."

Ní àárọ̀ Jímọ̀, wọ́n wẹ ìwẹ̀ opó, wọ́n wọ aṣọ funfun, a sì wọ kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú obìnrin kan tó ń lọ ká ata lóko. A sọ̀ níbi tí títì pin sí. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n á máa rántí mi.

"Mi ò ní fi ìrun sílẹ̀," wọ́n dáhùn. "Bí àsìkò bá ti tó, mo máa bọ́ awọ náà, mo máa ṣe àlùwàlá, mo máa kírun. Ibẹ̀ ni mo ti máa máa ṣàdúà fún ẹ."

Wọ́n wọ inú koríko lọ. Mo dúró títí. Nígbà tí mo tẹ̀ lé ipa wọn, aṣọ funfun náà nìkan ni mo bá.

Ilé tí mo padà sí tóbi jù. N kò lè jókòó. Mo ń gbálẹ̀ tí mo ti gbá, mo ń ṣí àpótí tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọrùn mi, irun pupa bẹ̀rẹ̀ sí í hù, kò tó àtẹ́lẹwọ́. Mo fá a, ó hù. Bí mo bá ní kí n sùn lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ mi a máa sáré lórí ẹní. Mo ṣàárò ìyá mi débi pé mo ṣì ń bu oúnjẹ tiwọn sílẹ̀.

Ní oṣù keje tí Ìyá ti lọ ni Kàbírù pè mí ní Ipata. "Alájà, Ọlọ́run ti ṣe é! Ọdẹ kan ló gbé e wá. Ó ní òun ò tilẹ̀ yìnbọn. Orí àpáta létí odò ló ti rí i, wọ́n ká a jẹ́jẹ́ bí ẹní ìkírun."

Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Pupa rúsúrúsú, àmì funfun tóótòòtó. Kò sí ojú ọ̀bẹ. Lẹ́yìn ọrùn, ihò kan wà níbẹ̀ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn ọrùn tèmi, ibẹ̀ tutù bíi pé wọ́n da omi sí i.

"Ṣé ó dáa fún àtè?"

"Kò dáa," ni mo wí. "Wò ó, ó ti lu. Awọ búburú ni. Jẹ́ kí n bá ẹ dà á nù."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, kò jiyàn, nítorí èmi kì í purọ́ lórí awọ.

Mo fẹ́ gbé e padà sórí àpáta náà. Ọlọ́run mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn. Ẹsẹ̀ mi ti kọjú sí ọ̀nà odò. Ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ gbé e délé ná, kí n wò ó dáadáa, kó sùn lọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ kan péré. Mo gbé e sórí àjà kí eku má bàa jẹ ẹ́. Nítorí eku náà ni mo ṣe fi òwú dì í. Tìrà kékeré náà ṣì wà lórí pẹpẹ, mo so ó mọ́ ọn. Mo sì wá tìrà tí Ìyá já nínú àpótí ìdọ̀tí yàrá iṣẹ́, mo rí i, mo fi kọ́ sórí ìṣó rẹ̀ lókè ẹnu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, mo gbọ́ "Àsàlámù àlékùmù" lẹ́nu ọ̀nà. N kò nílò kí n bi ẹni náà léèrè orúkọ. Ìyá dúró síta, ẹsẹ̀ wọn lásán, aṣọ tí wọ́n ró kì í ṣe tiwọn, omi àlùwàlá kò tíì gbẹ tán lápá wọn. Wọ́n ti rù. Ojú wọn kọjá lára mi, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́, ó dúró lórí ìṣó náà, ó sì padà sórí mi.

"Màsúdát," wọ́n wí jẹ́jẹ́. "O ò bá mi rí ẹrù mi?"

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi bọ́ lójú mi. Mo di ọwọ́ wọn méjèèjì mú, wọ́n tutù.

"Mi ò rí i o, Ìyá. Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n fún yín lóúnjẹ."

Wọ́n mi orí, bí ẹni tó ti mọ ìdáhùn náà látọ̀nà odò.

"Bí bàbá ẹ náà ṣe sọ ọ́ nìyẹn," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé.